Àwòrán Oṣù Bélú

Kí n tó jẹ búrẹ́dì àárọ̀ tán
mo ti rìn yíká igbó Àlà lórí àga.
Àga náà ń dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀
láti ìgbà tí ọ̀gá wa àná ti fẹ̀yìn tì.
Alágbàká ni mo wà, nínú yàrá kẹta lókè.
Igbó jìnnà sí mi,
ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kan ń kọjá lókè orí wa
bí ọjà ọrọọrún,
ó ń wo gbogbo igbá, kò bá ẹnikẹ́ni ná an.

Lójú kọ̀ǹpútà, igbó tó yè kì í ṣe àwọ̀ ewé.
Pupa ni, pupa bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún.
Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi han ìyá mi,
ó ní, "Ṣé iná ló ń jó ibẹ̀ ni?"
Mo ní rárá o, àlàáfíà ni.
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè owó iléèwé padà.

Igun mẹ́rin tíńtín, mítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó,
ìyẹn ni ohun tó kéré jù tí ojú náà lè rí.
Orí ìrókò àgbà kan ṣoṣo lè kún un dẹ́nu.
Bí ẹyọ kan bá kúrò ní pupa tó di eérú,
ẹnì kan ti ṣubú tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn onígẹdú gbọ́n. Wọ́n mọ òjò.
Láti Òkúdù títí wọ Ọ̀wàrà
ìkùukùu á bo Àkúrẹ́ bí ọmọrí ìkòkò,
àwòrán mi á di òwú lásán.
Abẹ́ òwú yẹn ni wọ́n ti ń gé e.

Bélú dé. Ojú sánmà là.
Mo ṣí àwòrán: ogóje igun ti funfun
létí odò,
bí ibi tí làpálàpá jẹ lórí ọmọdé.

Mo kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo gun ọ̀kadà,
a gba Ọba-Ilé kọjá, ọ̀dà tán, erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀.
Obìnrin kan tó ń sá kòkó ní,
"Ẹ máa lọ, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀."
Òótọ́ ni. Omi àfàrà tútù, bẹntiróò, èéfín.
Sátẹ́láìtì kì í gbóòórùn.

Ẹni tó jókòó lórí kùkùté,
tó ń pọ́n eyín ẹ̀rọ ìlagi,
àbúrò ìyá mi ni. Akíndójútìmí.
Òun ló san owó ìdánwò mi
lọ́dún tí wọ́n fẹ́ lé mi ní yunifásítì.
N kò bi í nígbà náà pé níbo ló ti rí i.
Kùkùté mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti jẹrà,
olú ti hù lára rẹ̀.
Yóò tó ọjọ́ orí ìwé ẹ̀rí mi.

Ojú tì í.
Ojú tì mí.
Ojú ọ̀run nìkan ni ojú kò tì.

"Moróhunfólú, ṣé ẹ̀rọ yín rí orúkọ mi?"
Mo ní kò rí orúkọ. Funfun ló rí.
Ó bu omi fún mi nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo mu ún.
Òun náà ló kọ́ mi, mo ṣì kéré,
pé bí a bá ń gé igi nígbó, ká fọ̀ràn ro ara ẹni.
Kò sí ẹni tó pa á lówe nínú àwa méjèèjì.

Ní Alágbàká, fọ́ọ̀mù béèrè ibi, ìwọ̀n, ọjọ́.
Níbi tí wọ́n ní kí n kọ ẹni tó ṣe é,
àyè orúkọ kan ló wà.
Mo kọ tirẹ̀. Ó gùn, díẹ̀ ló kù kó máà gbà.
Mo há tèmi mọ́ ọn lábẹ́,
ní lẹ́tà tó kéré tí ojú òkè ò lè kà.

Ìyá mi pè lálẹ́.
Ó ní ṣé mo rí àbúrò òun lọ́nà oko.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.
Mo ní, mo ti jẹun, mà.